Má Jẹ́ Kó Gbẹ

Àjílẹ́yẹ, gbé e wá síbí, rọra.
Kò tóbi ju ẹyọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lọ,
ṣùgbọ́n owó oṣù mi méjì ló wà nínú rẹ̀.
Ṣí ìdérí. Wo ìsàlẹ̀:
ẹyin gíláàsì kan, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà,
òun ló ń tọ́ omi wò, tó ń sọ bó ṣe kan tó.
Irin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
àwọn ni wọ́n ń ju iná síra wọn
bí ọmọdé ṣe ń ju bọ́ọ̀lù;
bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú omi, bọ́ọ̀lù á yá,
bó bá jẹ́ omi òjò,
á fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì.

Fi omi bátìrì ṣàn án, èyí tí kò ní iyọ̀ kankan.
Má nù ún! Aṣọ a máa họ ọ́ lára.
Tíṣù ni kí o fi kàn án fẹ́rẹ́,
bí ẹni ń gba omijé lójú ọmọ tó ń sùn.

Ó dáa. Omi méje la ó kọ́kọ́ lò. Kí ló sọ?
Méje ó lé díẹ̀. Dá a padà sí méje gan-an.
Ṣàn án. Mẹ́rin wàyí.
Dúró. Dúró kí nọ́ńbà náà sinmi,
omi tútù àti omi lílọ́ kì í sọ̀rọ̀ bákan náà.
Ti irin méjì ló kù: ẹgbẹ̀je ó lé mẹ́tàlá.
Má da àlòkù padà sínú ìgò.

O ń wò mí bí ẹni pé mo ń ṣàṣejù.
Jókòó.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà ọyẹ́,
mo gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀ ní gáréèjì Iléṣà,
ìdérí rẹ̀ ò wọlé dáadáa.
Ọjọ́ mẹ́ta. Oòrùn àti ọyẹ́ pín in mu.
Ẹyin gíláàsì gbẹ bí ojú ẹja tí wọ́n sá.
Mo bu omi sí i, nọ́ńbà jáde, mo ní kò burú.
Ẹ̀rọ tó gbẹ ò dákẹ́ o, ọmọ mi.
Irọ́ ló ń pa, ohùn rẹ̀ ò sì gbọ̀n.

Mo gbé e lọ sí Gbọ́nmi, ilé Ìyá Morádéyọ̀.
Mo fa omi kànga sínú ife, mo ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́.
Mẹ́fà pọ́ìntì mẹ́sàn-án.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé omi yìí dára,
mo fọwọ́ sí i,
wọ́n fi ẹ̀pà sísè ṣe mí lálejò.

Ó tó oṣù mẹ́rin kí n tó ra ẹyin tuntun fún un.
Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo padà.
Márùn-ún pọ́ìntì kan.
Mo ṣàn án, mo tún un ṣe.
Márùn-ún pọ́ìntì kan.

Mo kúnlẹ̀.
Ìyá Morádéyọ̀ ò wojú mi,
ó lọ sẹ́yìn ilé, ó gbé dòrò onípáànù rẹ̀ wá.
Ìdí rẹ̀ ti jẹ lu, bí ewé tí tata jẹ kù,
oòrùn ń gba ihò rẹ̀ wọlé wẹẹrẹ.
“Ìkẹta rèé láàárín ọdún kan,” ó ní.
“Omi tó ń jẹ páànù,
ṣé ẹ̀rọ ló máa sọ fún mi pé ó léyín?
Ìwé rẹ ni mo gbà gbọ́.
Mo ní bóyá èmi ni mi ò mọ nǹkan kan.”

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn,
mi ò tíì rí omi tí mo lè fi ṣàn án.

Ó yá, kán omi iyọ̀ rẹ̀ sínú ìdérí, ẹ̀kán mẹ́ta.
Kì í ṣe omi bátìrì, ìyẹn á fa okun inú rẹ̀ jáde.
Dé e, kó dún “tá”.
Ká máa lọ sí Òkè-Baálẹ̀,
ẹja Alàgbà Oyèkànmí ti ń yọ ẹnu sókè láti àná.
A ó yà ní Gbọ́nmi.
Dòrò onírọ́bà kan wà lẹ́yìn ọkọ̀,
má gbé ẹrù lé e.